Kọ́lá Ògúnmọ́lá: Ọ̀gá òṣèré tí ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́

Ní Ìgbò-Ọrà, ní Èrúwà àti ní àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù, bí ọmọ kan bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé iṣẹ́ tíátà ni òun fẹ́ ṣe, ìbéèrè tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé níbo ni yóò ti kọ́ ọ. Ṣé ọ̀gá kan tí ó ní ẹgbẹ́ ni yóò lọ bá, ṣé yunifásítì ni yóò wọ̀, àbí òkè òkun ni yóò gbà lọ? Ìbéèrè náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí ọkùnrin kan tí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ bí ẹní mowó ti dojú kọ ọ́. Ohun tí ó mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà. Ó ti lórúkọ, ó ti ní ẹgbẹ́, àwọn ènìyàn sì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Olóògbé Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni ọkùnrin náà.

Òkè-Mẹ̀sí, ní ilẹ̀ Èkìtì, ni wọ́n ti bí Elijah Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá ní ọdún 1925. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní àkókò tí ó ń dàgbà, eré oríṣìíríṣìí ti ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń fi orin àti ijó sọ ìtàn inú Bíbélì. Olóògbé Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, ni ó gbé irú eré bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Ní ọdún 1944 ni Ògúndé ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Èkó, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tí ó gbájú mọ́ tíátà. Ọ̀nà tí Ògúndé là yìí ni Ògúnmọ́lá náà tọ̀. Kí ọdún 1950 tó dé ni ó ti dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó.

Iṣẹ́ alárìnkiri kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Láti ìlú dé ìlú ni ẹgbẹ́ náà ń lọ, inú gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé ni wọ́n sì ti ń ṣeré. Orin ni wọ́n máa ń há sórí dáadáa. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, kò sí ìwé tí òṣèré ń kà. Bí ìtàn náà ṣe ń lọ ni kálukú ń fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sọ tirẹ̀. Ibí yìí gan-an ni Ògúnmọ́lá ti ta yọ. Kì í pariwo kí àwọn ènìyàn tó rẹ́rìn-ín. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti bí ó ṣe ń dákẹ́ tó láti gba ẹ̀rín lẹ́nu òǹwòran. Nínú eré rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ìfẹ́ Owó, ọkọ kan tí ilé rẹ̀ tòrò kó sọ́wọ́ obìnrin mìíràn tí kò fẹ́ nǹkan kan ju owó rẹ̀ lọ, títí tí ilé náà fi dàrú. Ọ̀rọ̀ tí ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò gbogbo ni, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó gbé ní Òṣogbo, wà lára àwọn tí ó kọ̀wé yin eré Ògúnmọ́lá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kì í ṣe gbogbo nǹkan. Òṣèré tí ń ti orí ọkọ̀ bọ́ sínú gbọ̀ngàn kì í ráyè ronú jinlẹ̀ nípa iná, nípa bí wọn yóò ṣe to orí ìtàgé tàbí nípa aṣọ tí yóò bá ìran kọ̀ọ̀kan mu. Ohun tí ó kù fún Ògúnmọ́lá láti kọ́ nìyẹn, ibi tí ó ti lè kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ọ̀nà òkè òkun wà. Ògúndé ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1947, ó sì kọ́ ijó àwọn òyìnbó níbẹ̀. Láàrin ọdún 1962 sí 1965, Fẹ́mi Euba kọ́ iṣẹ́ òṣèré ní ilé-ẹ̀kọ́ Rose Bruford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dára fún ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Èdè Yorùbá ni Ògúnmọ́lá fi ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ṣeé fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ní àkókò yẹn gan-an ni Yunifásítì Ìbàdàn ń dá ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe tí wọ́n pè ní School of Drama sílẹ̀, tí Geoffrey Axworthy jẹ́ olórí rẹ̀. Àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìrànlọ́wọ́ owó, wọ́n sì fún Ògúnmọ́lá ní àǹfààní láti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà nínú ìpinnu náà. Ẹgbẹ́ alárìnkiri tí kò bá lọ sójú ọ̀nà kò ní rí owó. Ọ̀gá tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dọ̀bálẹ̀ fún yóò wá di akẹ́kọ̀ọ́ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Bí ẹ̀kọ́ náà bá sì ba eré rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n ńkọ́? Pẹ̀lú gbogbo èyí, Ògúnmọ́lá gbà láti lọ.

Àwọn ará Ìgbò-Ọrà kò ní ṣàì mọ irú nǹkan báyìí, nítorí pé ní ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn kan náà bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wá kọ́ṣẹ́ láàrin ará ìlú. Ní ti ìṣègùn, yunifásítì ni ó wá bá ará ìlú. Ní ti tíátà, òṣèré ará ìlú ni ó lọ bá yunifásítì.

Èso oṣù mẹ́fà náà hàn ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n gbé eré Ọ̀mùtí jáde ní Arts Theatre tí ó wà nínú ọgbà yunifásítì náà. Inú ìwé tí Amos Tutùọlá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1952, ni Ògúnmọ́lá ti mú un, ó sì dá ìtàn náà padà sínú èdè Yorùbá. Láńkẹ́, ọ̀mu ẹmu tí adẹ́mu rẹ̀ já lulẹ̀ láti orí ọ̀pẹ tí ó sì kú, gbéra láti lọ wá a dé ìlú àwọn òkú. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Láńkẹ́. Demas Nwoko, tí ó ti kọ́ nípa bí a ṣe ń to orí ìtàgé ní ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣètò ohun tí ojú rí. Igbó, iwin àti ìlú òkú, tí ẹnu nìkan kì bá máa ròyìn, wá di ohun tí òǹwòran fi ojú ara rẹ̀ rí. Ní ìparí eré, Ògúnmọ́lá jẹ́ kí ó hàn pé àlá ni gbogbo ìrìn-àjò náà. Èyí kò sí nínú ìwé Tutùọlá. Òye Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Yorùbá ni ó fi ṣe eré náà, orin àti ijó wà níbẹ̀, ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ kò sì kúrò. Ohun tí kò ní tẹ́lẹ̀ ni ó lọ gbà. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, kò jókòó sí yunifásítì, ó padà sí ẹnu iṣẹ́ alárìnkiri rẹ̀. Ní ọdún 1969, eré Ọ̀mùtí yìí wà lára ohun tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà ní ìlú Algiers, ní orílẹ̀-èdè Àlgéríà. Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ eré náà ní ìwé, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ó ṣeni láàánú pé kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, tí kò sì lè ṣeré fún ìgbà díẹ̀. Ó tún padà sórí ìtàgé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1973 ni ó fi ayé sílẹ̀. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó lọ kò kú ní tirẹ̀. Ó ti di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tíátà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ òṣèré àti òǹkọ̀wé ni ó sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ Ìbàràpá tí ó bá ń wá ibi tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ yìí lónìí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Ògúnmọ́lá ti bẹ̀rẹ̀: kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ti ní lọ́wọ́ àti ohun tí ó kù fún un, kí ó tó béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́.