John Mensah Sarbah, Agbẹjọ́rò fún Ilẹ̀ Àwọn Baba Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń kàwé kí ayé lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ń fi ìwé tí wọ́n kà gbèjà àwọn ènìyàn wọn. Lára àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni John Mensah Sarbah, ọmọ Fante ní Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Ghana lónìí. A rí i pé ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ ìtàn rẹ̀, nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ tí ó jà fún kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà.

Ọjọ́ 3 oṣù June, ọdún 1864, ni a bí i. Oníṣòwò pàtàkì ni baba rẹ̀, John Sarbah. Ọmọ náà kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Wesley ní Cape Coast, lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ sí Taunton ní ìlú Ọba. Ní ọdún 1884 ó wọ Lincoln's Inn ní Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ iṣẹ́ òfin. Nígbà tí ó di ọdún 1887 ó di lọ́yà, òun sì ni ọmọ Gold Coast àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Kò ju ẹni ọdún 23 lọ nígbà náà.

Nígbà tí ó padà dé ilé, kò fi ọwọ́ rọ́ àṣà àwọn baba rẹ̀ sẹ́yìn. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Sarbah mọ̀ pé àwọn adájọ́ tí ó ti òkè òkun wá kò lè fi òdodo dá ẹjọ́ ìgbéyàwó, ogún àti ilẹ̀ ẹbí bí wọn kò bá mọ òfin onílẹ̀. Nítorí náà ó kó àwọn òfin wọ̀nyí jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1897 nínú ìwé tí ó pè ní Fanti Customary Laws.

Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba gbé òfin ilẹ̀ kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Bí ó bá ti kẹ́sẹ járí, àṣẹ lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ì bá bọ́ sí ọwọ́ Gómìnà, ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ baba rẹ̀ ì bá sì di ẹni tí ìjọba kàn gbà láàyè láti máa gbé ibẹ̀. Àwọn ọba àti ìjòyè fi ọ̀rọ̀ náà lé Sarbah lọ́wọ́. Ó dúró níwájú Ìgbìmọ̀, ó sì fi yé wọn pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ ní Gold Coast. Igbó tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi kì í ṣe igbó tí a sọ nù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ san owó iṣẹ́ fún un, ó kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní 1897 yìí ni òun àti àwọn ẹlòmíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Cape Coast láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní ọdún 1898 ẹgbẹ́ náà rán Jacob Wilson Sey, T. F. E. Jones àti George Hughes lọ bá Joseph Chamberlain, Mínísítà tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn, ìjọba sì jọ̀wọ́ òfin náà.

Ní ọdún 1901 Sarbah fúnra rẹ̀ di ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ kò tìtorí èyí dákẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú nínú ìdàgbàsókè ilé-ẹ̀kọ́ Mfantsipim. Ikú mú un lọ ní ọdún 1910, ní ẹni ọdún 46. Gbọ̀ngàn kan ní Yunifásítì Ghana ní Legon ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń lọ sí ilé-ìwé gíga rántí rẹ̀: ìmọ̀ tí kò ran ará ilé lọ́wọ́ kò tíì pé.