Éric de Bisschop àti Ọkọ̀ Ìbejì Rẹ̀

Bí a bá ní kí ọmọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kọ ìtàn ìgbésí ayé olókìkí kan tó ti kú, ẹ ti mọ orúkọ tí ẹ óò gbọ́: Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, Fágúnwà, Ògúndé. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n ará Faransé kan ni mo mú lọ́dún yìí, Éric de Bisschop ni orúkọ rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí oorun fi gbé e lọ.

Ohun tó fà mí mọ́ ọkùnrin yìí ni ọkọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ a ti mọ bí a ti ń di àjẹ̀ mú kí ó tó mọ bí a ti ń di gègé mú. Bàbá tó bí bàbá mi a máa gbẹ́ ọkọ̀. Kò ní ìwé tó ń wò, kò sì ní ohun ìwọ̀n kankan ju okùn kan àti ojú rẹ̀ lọ. Mo ti wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n bi í bí ó ti ń mọ ibi tí yóò dá àáké dúró. Nígbà tí mo fi dé ilé fún ìsinmi, wọ́n ti sin bàbá. Ìdí nìyí tí ìtàn de Bisschop fi wọ̀ mí lára. Òun bá ọgbọ́n kan tí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé tán, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò.

Aire-sur-la-Lys ni a ti bí i, ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Kì í ṣe ìlú etíkun, síbẹ̀ inú ọkọ̀ onígbòkun ni ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó la ogun àgbáyé kìn-ín-ní já. Kí ọdún 1930 tó dé, ó ti wà ní Ṣáínà. Níbẹ̀ ni ó ti bá Joseph Tatibouet pàdé, ará Faransé bíi tirẹ̀, ọmọ Brittany, níbi tí àwọn atukọ̀ pọ̀ sí. Tati ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé Tati. De Bisschop ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé, ṣùgbọ́n láìsí Tati, kò sí ìrìn àjò kankan.

Àwọn méjèèjì kan ọkọ̀ bíi ti àwọn ará Ṣáínà ní ọdún 1932, wọ́n sọ ọ́ ní Fou Po. Ìjì fọ́ ọ ní etíkun Taiwan. Wọ́n kan òmíràn tó kéré jù ú lọ, Fou Po II, wọ́n sì fi í rìn láàárín àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì láti ọdún 1933 títí di 1935. Omi òkun tó ń ṣàn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn nítòsí ìlà tó pín ayé sí méjì ni de Bisschop ń lépa. Èrò rẹ̀ ni pé odò inú òkun yìí lè jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ará àtijọ́ gbà.

Ní Jaluit, ní erékùṣù Marshall tó wà lábẹ́ àwọn ará Japan nígbà náà, wọ́n mú wọn bí amí. Wọ́n sá kúrò níbẹ̀, àfi bí wọ́n ti rí i láàárín òkun pé oúnjẹ wọn ti bàjẹ́. Oṣù kẹwàá ọdún 1935 ni ọkọ̀ náà gbé òkú-ààyè méjì dé Kalaupapa ní erékùṣù Molokai, ní Hawaii. Ibùdó àwọn alárùn ẹ̀tẹ̀ ni Kalaupapa nígbà náà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù láti dé ni wọ́n ti rí ìtọ́jú. Kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjì tún fi wá bá Fou Po II níbi tí ó dúró sí, tó fọ́ ọ yángá, tó sì gbé ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn lọ.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. De Bisschop kò sá. Wọn kò ní owó lọ́wọ́, wọn kò ní ọkọ̀, wọ́n jìnnà sí ilé, wọ́n sì fẹ́ padà sílé lójú omi. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yíyàn ti dé. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n tún kan ọkọ̀ bí ọkọ̀ yòókù. De Bisschop kọ èyí, ó ní ọkọ̀ ìbejì ni àwọn yóò kàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ ìbejì ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dọ́gba, tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a fi igi ìdábùú so pọ̀, tí a sì tẹ́ pákó sí àárín wọn. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, catamaran, inú èdè Tamil ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tí a dì pọ̀. Irú ọkọ̀ báyìí ni àwọn ará Polynesia, láti Hawaii títí dé New Zealand, fi ń gbé ìyàwó, ọmọ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀gbìn wọn láti erékùṣù kan sí èkejì, kí òyìnbó tó mọ̀ pé òkun náà wà. Nígbà tí de Bisschop dé Hawaii, ìrìn ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ti di ìtàn.

Ọkọ̀ onígbòkun tí òyìnbó ń kàn máa ń ru irin tàbí òjé ní ìdí kí atẹ́gùn má baà dà á nù. Irin yìí náà ni yóò rì í bí omi bá kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ ìbejì kò ru irin kankan. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó fi ń dúró, bí ìgbà tí ènìyàn ya ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú ọpọ́n. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, igi ni, yóò léfòó. Ìdí rẹ̀ kò lọ jìnnà nínú omi, nítorí náà ó lè gba ibi tí àpáta abẹ́ omi kò jìn kọjá, ó sì lè gun iyanrìn.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dára tí kò ní àbùkù. Bí ọkọ̀ olówó-irin bá dojú dé, irin ìdí rẹ̀ yóò fà á dìde. Bí ọkọ̀ ìbejì bá dojú dé, ó parí. Ẹni tó ń wà á kò gbọdọ̀ dúró wo ìjì lójú. Kí ó ká ìgbòkun kò nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Èkejì, ẹrù ni ọ̀tá rẹ̀. Ara tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni ó ń fi sáré. Bí a bá kó ẹrù kún un, yóò joko sínú omi, ìgbì yóò sì máa na igi ìdábùú rẹ̀ lábẹ́. Ẹ̀kẹta, tó sì le jù, ni oríkèé rẹ̀. Ìgbì kan ń gbé ọkọ̀ ọ̀tún sókè bí òmíràn ti ń fa tòsì sísàlẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ibi tí a ti so wọ́n pọ̀ ni ikú wà. Gbogbo ẹni tó mọ ọkọ̀ ní Honolulu ló lè rí i pé ibẹ̀ ni yóò ti já bí yóò bá já.

Etíkun Waikiki ni de Bisschop àti Tati ti kàn án, níbi tí àwọn olùgbafẹ́ ń kọjá lọ kọjá bọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 38, èyí tó kéré sí mọ́tò ńlá akẹ́rù méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Kaimiloa, èyí tí í ṣe wíwá ọ̀nà jíjìn ní èdè Hawaii.

Bí ó ti pèsè rẹ̀ ni mo gbádùn jù. Ọkọ̀ náà jẹ́ ti Polynesia, ṣùgbọ́n ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ ti Ṣáínà. Òpó méjì ló ní. Irú ìgbòkun Ṣáínà yìí ní ọ̀pá tín-ín-rín tó dábùú aṣọ láti òkè dé ilẹ̀. Bí atẹ́gùn bá le, a ó kàn tú okùn kan, ìgbòkun yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò ká ara rẹ̀ jọ bí ẹní. Bí aṣọ bá ya, yíya náà kò ní kọjá ọ̀pá tó tẹ̀lé e. Ènìyàn méjì péré lè ṣàkóso rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì lè máa sùn. Ẹ wá wò ó: ọkọ̀ tí a sọ pé kì í fẹ́ kí á pẹ́ kí á tó ká ìgbòkun, òun ni wọ́n fún ní ìgbòkun tó yá á ká jù lọ láyé. Ọdún tó lò ní Ṣáínà kò ṣòfò. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ó da àṣà méjì pọ̀, pé ìdánwò rẹ̀ kò mọ́ mọ́. Èmi kò gbà. Kì í ṣe eré orí ìtàgé ni ó ń ṣe. Ọ̀nà àtidélé ló ń wá.

Oṣù kẹta ọdún 1937 ni wọ́n kúrò ní Honolulu. Wọ́n yà sí Futuna, wọ́n gba Torres Strait, ojú omi tó kún fún àpáta láàárín Australia àti New Guinea, wọ́n dé Bali. Láti ibẹ̀ wọ́n la òkun Índíà já dé Cape Town. Àwọn atukọ̀ mọ ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà sí ibi tí ìgbì ti ń ga bí ilé. Ìdí ìdábùú tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù kò já. Wọ́n gòkè lọ nínú Àtìláńtíìkì, wọ́n gba iwájú ilẹ̀ wa kọjá lọ́nà jíjìn réré, wọ́n dé Tangier. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1938, ọkọ̀ tí a kàn sórí iyanrìn Waikiki gúnlẹ̀ sí Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni.

Ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó di olókìkí. Ó tún kan ọkọ̀ ìbejì mìíràn, Kaimiloa-Wakea, ṣùgbọ́n Las Palmas ni èyí rì sí ní ọdún 1940. Lẹ́yìn náà ó gba iṣẹ́ aṣojú ìjọba Pétain ní Honolulu, ìjọba tó bá Hitler dọ́wọ́ pọ̀. Èyí kò buyì kún un, n kò sì ní fi pamọ́ nítorí pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀.

Níbi tó kù yìí ni ọ̀nà èmi àti ọkùnrin náà ti pínyà. Ní ọdún 1947, Thor Heyerdahl ti fi igi tí a dì pọ̀, Kon-Tiki, rìn láti Peru dé Polynesia, ó ní ibẹ̀ ni àwọn ará Polynesia ti wá. De Bisschop kò fara mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, àwọn ará Polynesia fúnra wọn ni wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà tí wọ́n sì padà. Ó fẹ́ fi hàn. Ṣùgbọ́n kí ló mú? Kò mú ọkọ̀ ìbejì. Ó di oparun pọ̀, ó sọ ọ́ ní Tahiti-Nui, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn sì kúrò ní Papeete ní oṣù kọkànlá ọdún 1956. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Igi tí a dì pọ̀ kì í kọjú sí atẹ́gùn. Ibi tí òkun bá fẹ́ ni yóò gbé e lọ. Oparun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1957 wọ́n ní láti fi í sílẹ̀ nítòsí erékùṣù Juan Fernández, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Chile wá yọ wọ́n.

Ó kọ̀, kò wọ ọkọ̀ ńlá padà sílé. Ó tún di igi mìíràn ní Chile, Tahiti-Nui II. Ní ọdún 1958 wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Igi mu omi, ó ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, títí wọ́n fi fi ohun tó kù àti àgbá òfìfo di òmíràn tó kéré sí i láàárín òkun. Ní 30 oṣù kẹjọ, lóru, àpáta Rakahanga ní erékùṣù Cook fọ́ ọ. Gbogbo àwọn yòókù yè. Òun nìkan ló kú.

Mo máa ń rò ó pé kí ló dé tí ẹni tó ti mọ ọkọ̀ tó dára jù fi padà sórí ìdì igi. Bóyá àríyànjiyàn ló ń lé mọ́, kì í ṣe èbúté. Ìdánwò tó yẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ Hawaii ṣe ní ọdún 1976, nígbà tí wọ́n fi ọkọ̀ ìbejì Hōkūleʻa rìn láti Hawaii dé Tahiti. Mau Piailug, ará erékùṣù Satawal, ló tọ́ wọn, kò sì lo kọ́ńpáàsì. Ìràwọ̀ àti ìgbì ló ń kà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pẹ̀lú ti jẹ́ kí a mọ̀ pé èdè Polynesia bá èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Taiwan àti ti Philippines tan, nítorí náà kì í ṣe Peru ni wọ́n ti wá. Èyí ni Heyerdahl ṣì mú.

Rurutu ni ibojì de Bisschop wà, láàárín àwọn erékùṣù tó fẹ́ràn. Ìwé Kaimiloa ti dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Wharram, kí ó tó kú. Wharram kan ọkọ̀ ìbejì tirẹ̀, Tangaroa, ní ọdún 1954. Kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Òun àti àwọn ọmọbìnrin Jámánì méjì fi í la Àtìláńtíìkì já dé Trinidad. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan èyí tó tóbi jù ú lọ, Rongo. Ní ọdún 1959, ọdún kan lẹ́yìn tí àpáta Rakahanga pa ẹni tó kọ ìwé náà, Rongo kúrò ní New York, ó sì dé Ireland. Títí Wharram fi kú ní ọdún 2021, ó ń ya àwòrán ọkọ̀ ìbejì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, okùn ni ó sì ń ní kí wọ́n fi so ìdábùú rẹ̀, kí ó lè máa mì bí ìgbì ti ń mì.