Vincent van Gogh àti Òdòdó inú Ìkòkò

Àwòrán kan wà nínú kàlẹ́ńdà tó wà ní yàrá iṣẹ́ ọnà wa: òdòdó oòrùn 15 nínú ìkòkò kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín ni mo rín. Àwọn kan ti rọ, àwọn kan ti dorí kodò, bí èyí tó yẹ kéèyàn dà nù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wádìí ẹni tó yà á.

Vincent van Gogh ni. Wọ́n bí i ní Zundert, nílẹ̀ Nẹ́dálándì, ní 30 oṣù Kẹta 1853. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwòrán, ó wàásù fáwọn tó ń wa èédú ní Bẹ́ljíọ̀m, kò sí èyí tó bọ́ sí i. Ó ti tó ọmọ ọdún 27 kó tó pinnu pé àwòrán lòun máa yà. Theo àbúrò rẹ̀ ló ń fowó ránṣẹ́ tó fi ń jẹun, tó fi ń ra ọ̀dà. (Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe mẹkáníìkì ló ń ra ọ̀dà fún èmi náà, torí bàbá mi ní òwò ni kí n lọ kọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti wọ̀ mí lára.)

Ní oṣù Kẹjọ 1888, ní ìlú Arles ní Faransé, ó ń retí àlejò, Paul Gauguin, ayàwòrán bíi tiẹ̀. Ó fẹ́ fi àwòrán òdòdó ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ dè é. Òdòdó oòrùn kì í pẹ́ rọ, torí náà àárọ̀ kùtù ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń yára. Ẹ wò ó dáadáa o: ìkòkò yẹ́lò, ògiri yẹ́lò, òdòdó yẹ́lò, síbẹ̀ wọn ò pò mọ́ra. Ọ̀dà náà ki débi pé àárín àwọn òdòdó kan ga sókè bí irúgbìn gidi. Ara ìkòkò ló kọ Vincent sí. Èyí tó rọ ńkọ́? Ó yà á bó ṣe rọ, kò tàn wá.

Gauguin dé lóṣù Kẹwàá. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, àìsàn ọpọlọ ti kọlu Vincent, ìjà dé, ó sì fi abẹ gé etí ara rẹ̀. Àwọn kan nínú wa, etí yìí nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó kú ní 29 oṣù Keje 1890, lọ́mọ ọdún 37. Theo náà kú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Jo, ìyàwó Theo, ló tọ́jú àwọn àwòrán náà, tó ń gbé wọn kiri káráyé lè rí wọn. Ní 1924, ó gbà kí National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ra olódòdó 15 yẹn. Ní 1987, wọ́n ta òmíràn ní gbàǹjo, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 24 pọ́n-ùn.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. Wọ́n ní èló ló kan Theo níbẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀. Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà lára ògiri, ẹ lọ wò ó kí wọ́n tó ṣí i sí oṣù tó ń bọ̀.