Bruce McLaren: Ẹni Tó Kan Ọkọ̀, Tó sì Wà Á Fúnra Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkọ̀ ní etí òkun Ìlàjẹ, ti ojú omi ló kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn. Bí èèyàn bá dé Igbókòdá tó fẹ́ lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún mọ́tò, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, “wà”, la sì ń lò fún méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ọmọ Ìlàjẹ fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó kan mọ́tò.

Ìlú Auckland ní New Zealand ni wọ́n ti bí Bruce McLaren, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1937. Bàbá rẹ̀ ní ilé epo kan tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Nígbà tí Bruce di ọmọ ọdún 9, àìsàn Perthes, tó máa ń ba egungun ìbàdí ọmọdé jẹ́, mú un. Nǹkan bí ọdún 2 ló fi wà ní ilé ìtọ́jú. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kúrú ju ọ̀tún lọ, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀ fi pé.

Bàbá rẹ̀ ra mọ́tò kékeré kan tó ti gbó, Austin 7 Ulster. Ara rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ iṣẹ́, kó sì tó pé ọmọ ọdún 16, ó ti wà á wọ ìdíje. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ní ọdún 1958, àwọn ará ìlú rẹ̀ tó fẹ́ràn eré mọ́tò fún un ní ẹ̀bùn ìrànwọ́ láti lọ díje ní Yúróòpù, ó sì dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Cooper ní Ìlú Ọba. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959, ó borí nínú Grand Prix Amẹ́ríkà ní Sebring. Ọmọ ọdún 22 ni. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ́wọ́, ẹ gbọ́ ná: títí di ọdún 2003, kò sí ẹni tó kéré jù ú lọ tó gba Grand Prix.

Ní ọdún 1963 ló dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kéré, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Àmì tí wọ́n lò ni kiwi, ẹyẹ ilẹ̀ wọn tí kò lè fò, tí orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú èdè Māori. Nígbà tó yá, wọ́n kun mọ́tò wọn ní àwọ̀ kan tí gbogbo ayé wá ń fi orúkọ ìbẹ́pẹ pè. Ní ọdún 1966, òun àti Chris Amon gba ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans nínú mọ́tò Ford. Ní ọdún 1968, ó gba Grand Prix Belgium nínú mọ́tò tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré ló ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú Formula One. Ní ọdún 1969, ìdíje 11 ni wọ́n ṣe nínú Can-Am ní Amẹ́ríkà àti Kánádà; àwọn mọ́tò McLaren ló gba gbogbo rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mọ́tò tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀. Bruce fẹ́ ṣe mọ́tò asáré tí èèyàn lè wà lójú títì, tí yóò sì yá ju gbogbo àwọn tó wà lójú títì nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ ni M6GT. Ara mọ́tò ìdíje Can-Am ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n dé e lórí, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì Chevrolet onísílíńdà 8 sí i. Ó ní in lọ́kàn láti máa ṣe tó 250 lọ́dún. Kó tó ta èyíkéyìí, ó gba nọ́ńbà fún ọ̀kan, OBH 500H, ó sì ń wà á lọ sí ibi iṣẹ́ láti ilé rẹ̀. Bí nǹkan bá ń dùn tàbí bí ohun kan kò bá dára, etí òun gan-an ló fi ń gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 1970, ó ń dán mọ́tò ìdíje tuntun wò, M8D, ní pápá Goodwood. Lórí eré, apá ẹ̀yìn ara mọ́tò náà ṣí kúrò. Afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ mọ́; ó yà kúrò lọ́nà, ó sì kọlu ohun ìdènà kan. Bruce kú lójú ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún 32 ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Patty, àti ọmọbìnrin wọn kékeré, Amanda, sílẹ̀. Ètò M6GT sì bá a lọ. Ìwọ̀nba tí wọ́n ṣe kò ju ohun tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n gbé mọ́tò M8D lọ sí Mosport ní Kánádà, Dan Gurney sì fi gba ipò kìíní. Ní ọdún 1992, wọ́n gbé mọ́tò ojú títì mìíràn jáde, McLaren F1, tí Gordon Murray yàwòrán rẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju 106 lọ. Ní ọdún 1998, ó sá eré tó ju kìlómítà 386 ní wákàtí kan. Àlá ẹni tó ti kú láti ọdún 1970 ló ṣẹ yẹn.

Báwo ni iṣẹ́ ṣe ń ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ? Bruce kì í dá iṣẹ́ ṣe. Ohun tó mọ̀, àwọn tó yí i ká náà mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Àwọn ará Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tó dá Ayétòrò sílẹ̀ ní ọdún 1947 pa owó àti iṣẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Òkun lè gbé ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ lọ, àmọ́ kò lè gbé iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ lọ. Bí àwọn àgbà tó mọ ọkọ̀ kàn bá wá lọ láìfi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, a ó pàdánù iṣẹ́ náà, a ó sì pàdánù àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ojúṣe àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni láti tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.