Fausto Coppi: Akọni orí òkè tí ẹ̀fọn dá dúró

Bí ìyá ọlọ́jà kan ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́, bá gbọ́ pé ara ọmọ kan ń gbóná, pé òtútù ń mú un, tí òógùn sì ń bò ó, ibà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bí a bá dé Oǹdó, ohun kan náà ni a óò gbọ́. Kò sí ẹni tí ó nílò ìwé gíga láàrin wa kí ó tó mọ èyí. Síbẹ̀, àìmọ ohun tí kò ṣòro fún ìyá ọlọ́jà yìí ni ó rán Fausto Coppi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, lọ sí ọ̀run ní ọmọ ogójì ọdún. Coppi wà lára àwọn tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù lọ nínú ìtàn ayé. Òkè tí yìnyín bò kò lè dá a dúró, ẹ̀fọn ilẹ̀ Áfíríkà ni ó dá a dúró.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1919, ni wọ́n bí i ní Castellania, abúlé kékeré kan lórí òkè ní ìhà àríwá Ítálì. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì lọ́rọ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 13, ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó di ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ alápatà kan ní ìlú Novi Ligure. Kẹ̀kẹ́ ni ó fi ń gbé ẹran lọ fún àwọn oníbàárà. Àwọn àgbà wa tí ó rántí ayé ìgbà tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ẹsẹ̀ fún olùkọ́, akọ̀wé àti oníṣòwò kòkó mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń sọ itan ọmọdé di irin. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun fún un lówó láti ra kẹ̀kẹ́ ìje. Ní Novi Ligure náà ni ó ti pàdé Biagio Cavanna, afọ́jú kan tí ó máa ń fi ọwọ́ wọ́ iṣan àwọn eléré ìje. Ojú Cavanna kò ríran, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹni tí yóò di ńlá.

Ní ọdún 1940, wọ́n gba Coppi sínú ẹgbẹ́ Legnano kí ó lè máa ran Gino Bartali, ìlúmọ̀ọ́ká aṣáájú ẹgbẹ́ náà, lọ́wọ́ nínú Giro d'Italia, ìdíje tí ó máa ń yí ilẹ̀ Ítálì ká fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bartali ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Ọmọ ẹ̀yìn tí wọ́n mú wá láti gbé ẹrù ọ̀gá ni ó wá gba adé. Coppi kò tíì pé ọmọ ọdún 21, títí di òní kò sì sí ẹni tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí tí ó gba Giro. Ọjọ́ kejì tí ìdíje náà parí ni Ítálì kó sínú ogun àgbáyé.

Ogun náà kò jẹ́ kí ó gbádùn ògo rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, ní ìlú Milan, ó gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gééré, ó sì rin kìlómítà tí ó lé ní 45. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà ilé wa wò ó: ìrìn tí kò jìnnà sí ti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, gba Ọ̀wẹ̀nà, ni ó fi ẹsẹ̀ wà já láàrin wákàtí kan. Kò sí ẹni tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ títí di ọdún 1956. Ṣùgbọ́n ọdún 1943 kò tíì dé àárín tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi mú un ní Tùnísíà, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n ogun. Nígbà tí ó padà délé, àwọn kan rò pé ó ti tán. Ní ọdún 1946 ó fi ìṣẹ́jú 14 ṣíwájú ẹni tí ó ṣe ipò kejì nínú ìje Milan sí San Remo.

Orí òkè ni orúkọ rẹ̀ ti kún ayé. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 1949, òkè márùn-ún ni àwọn eléré ìje máa gùn láti Cuneo lọ sí Pinerolo. Coppi fi gbogbo wọn sílẹ̀ lórí òkè àkọ́kọ́, òun nìkan ni ó sì dá wa kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 192. Nígbà tí ó dé òpin, ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 kí Bartali tó yọjú. Ọdún náà ni ó di ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba Giro àti Tour de France nínú ọdún kan ṣoṣo. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1952.

Èyí tí ó ga jù ni ti Stelvio. Gbogbo ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí ó lé ní 600, mọ bí eékún ti ń gbọ̀n kí ènìyàn tó dé òkè. Ìdànrè ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà. Stelvio lé ní 9,000. Ìgòkè tí ó tó kìlómítà 24 ni, kọ́nà rẹ̀ jẹ́ 48, yìnyín sì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 1953, ni Giro kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ Switzerland kan, Hugo Koblet, ni ó wà níwájú nínú ìdíje, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà pé tirẹ̀ ni. Lórí òkè náà ni Coppi ti já a jù sílẹ̀, tí ó sì gba Giro rẹ̀ karùn-ún. Láti ọdún 1965, ibi tí ó bá ga jù lọ nínú Giro ọdọọdún ni wọ́n ń pè ní Cima Coppi.

Ayé rẹ̀ kò ṣàìní ẹkún. Ní ọdún 1951, Serse, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sáré, ṣubú nínú ìje, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 1954, ariwo ta pé ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá Giulia Occhini, aya dókítà kan, gbé. Òfin Ítálì nígbà náà ka àgbèrè sí ọ̀ràn. Wọ́n ti obìnrin náà mọ́lé, wọ́n sì gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un yí ẹ̀yìn sí i.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1959, wọ́n pe òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Faransé wá sí Upper Volta, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Burkina Faso láti ọdún 1984. Wọ́n sáré ìje ní Ouagadougou, wọ́n sì lọ ṣọdẹ. Yàrá kan ni Coppi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Raphaël Géminiani, jọ sùn, ẹ̀fọn kò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kérésìmesì kọjá tán, ibà gbé àwọn méjèèjì dè, ọ̀kan ní Faransé, èkejì ní Ítálì. Ní Faransé, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Géminiani wò, wọ́n rí kòkòrò ibà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un ní kuníìnì. Ó dákú fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó yè é. Ní Ítálì, òtútù àyà ni àwọn dókítà rò pé ó ń ṣe Coppi. Àwọn ará ilé Géminiani ránṣẹ́ sí wọn pé ibà ni, wọn kò kà á sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1960, Coppi kú ní ilé ìwòsàn ìlú Tortona. Géminiani ní tirẹ̀ wà láyé títí di ọdún 2024, ẹni ọdún 99 ni nígbà tí ó kú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rẹ́ méjèèjì kò ju ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán nílé wa. Àwọn ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ó wà ní Ítálì, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà ń wálé ṣe Kérésìmesì, wọ́n sì ń padà. Àwọn tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi ti pàdánù agbára tí ara wọn ní láti bá ibà jà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rí. Bí ara wọn bá gbóná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, dókítà òyìnbó lè pè é ní ọ̀fìnkìn. Ọ̀rọ̀ kan ni kí wọ́n tètè fi sí i létí: pé Nàìjíríà ni àwọn ti ń bọ̀, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn wò fún ibà. Kí ẹni tí ó ń bọ̀ wálé sì bèèrè oògùn ààbò kí ó tó gbéra, kí ó sì sùn sínú àpò ẹ̀fọn.

Ní ọdún 2019, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bí i, wọ́n sọ abúlé rẹ̀ di Castellania Coppi. Ibẹ̀ ni ó sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Serse àbúrò rẹ̀.