Olófin Ògúnfúnminírè: Ọdẹ tí Ó Tẹ̀lé Omi

Kò sí ọmọ Àwórì tí kò gbọ́ orúkọ Olófin rí. Bí ọmọdé bá béèrè ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, ìtàn rẹ̀ ni àgbà yóò kọ́kọ́ pa fún un. Ìlú tí a ti tọ́ èmi náà dàgbà, Ìṣẹ̀rí-Olófin ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ń jẹ́ orúkọ mọ́ ọn títí di òní. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nínú ìtàn ìgbésí ayé akọni yìí, kí a sì wo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwa ọ̀dọ́ ìwòyí.

Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminírè ti wá. Ọdẹ ni, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì fi hàn pé ìdílé tí ń bọ Ògún ni wọ́n bí i sí. Ìtàn sọ pé nígbà tí ó fẹ́ kúrò nílé, wọ́n fún un ní àwo kan pé kí ó gbé e lé orí omi, kí ó máa tẹ̀lé e, ibi tí ó bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Àwo náà gba ojú odò Ògùn lọ sí ìhà gúúsù. Ó dúró nítòsí Olókèméjì, ó tún dúró ní Òkè-Ata ní ilẹ̀ tí Abẹ́òkúta wà lónìí, ọjọ́ 17 ni ó sì lò níbi kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó dé Ìṣẹ̀rí. Ìtàn kan sọ pé ibẹ̀ ni ó rì sí. Òmíràn sọ pé ó tún gbéra níbẹ̀, pé omi Èkó ni ó rì sí, àti pé Ògúnfúnminírè jẹ́ ẹlòmíràn tí Olófin fi sílẹ̀ ní Ìṣẹ̀rí. Èyí tí a pa fún mi nílé ni mo tẹ̀ lé níhìn-ín, pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Ibi tí ẹnu gbogbo wọn ti kò ni pé láti ara rírì àwo yìí ni a ti rí orúkọ Àwórì.

Nígbà tí ogun dé, àwọn ènìyàn Olófin ṣí lọ sí Èbúté-Mẹ́ta àti erékùṣù Ìddó. Ibẹ̀ ni ìran ọdẹ ti di ìran apẹja. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n pín ilẹ̀ àti etí omi láàárín ara wọn, àwọn ni ó sì di olóyè onífìlà funfun ní Èkó. Arómirẹ́, ẹni tí ó bá omi rẹ́, ni ó dá oko ata sí erékùṣù Èkó, orí oko náà ni Ìgá Ìdúngànràn wà lónìí.

Kí ni ìdí tí wọn kò fi padà sí ilẹ̀ gbígbẹ? Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ń tẹ̀ lé àwo lórí omi ń kọ́ bí omi ṣe ń rìn ni. Odò Ògùn ń ti àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ Ṣakí wá, ó sì ń kó ẹrẹ̀ ọlọ́ràá lọ sínú ọ̀sà. Lásìkò òjò, omi ọ̀sà a di omi dídùn; lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a wọlé. Nínú omi àdàlù yìí ni igi ẹ̀gbà ti ń hù. Gbòǹgbò rẹ̀ a ta gọngọ sínú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọmọ ẹja, edé àti akàn ń sá sí títí wọn yóò fi dàgbà. Ní etíkun Moriténíà, níbi tí a ń pè ní Banc d'Arguin, koríko inú òkun ni ó ń ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, tí ẹrẹ̀ odò ń rú omi, igbó ẹ̀gbà ni.

Ó dunni pé ogún yìí ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́. A ń gé ẹ̀gbà dáná, a ń wa iyanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà, a sì fi ń dí irà kí a lè kọ́lé. Àmọ́ omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 2010, odò Ògùn kún wọ ilé àwọn ará Ìṣẹ̀rí etí odò àti Àjẹgunlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ sì sá fi ilé sílẹ̀.

Àtúnṣe wà. Irúgbìn ẹ̀gbà máa ń hù lára ìyá rẹ̀ kí ó tó já bọ́, èyí tí ó mú un rọrùn láti gbìn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà kárí ayé rí i pé èyí tí a bá gbìn sí ibi tí omi kò ti lè wọlé kí ó sì jáde bó ti yẹ, kíkú ni yóò kú. A ní láti kọ́kọ́ la ọ̀nà fún omi, kí a tó gbin igi.

Ohun tí Olófin ṣe kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jẹ́ kí omi ṣíwájú, òun sì tẹ̀ lé e. Àwa ọmọ rẹ̀ ni a fẹ́ kí omi máa tẹ̀ lé wa. Bí a bá ń fi Olófin yangàn nígbà ọdún, ẹ jẹ́ kí a dá irà àti ẹ̀gbà tí ó kù sí, kí orúkọ tí a ń jẹ́ má baà di orúkọ lásán.