Tai Solarin: Kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ń bi wá léèrè

Àwọn àgbà tó kàwé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé ọjọ́un mọ̀ pé ilé kan náà ni ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló dá St. Andrew's College sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1896. Ìjọ Onítẹ̀bọmi náà bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1898.

Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ló tọ́ Olóògbé Tai Solarin náà dàgbà. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1922, ó sì kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, tó jẹ́ ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́, kò sì fi í pa mọ́ fẹ́nikẹ́ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti òrìṣà, kò sí èyí tó gbà nínú wọn.

Lọ́dún 1952, ó di ọ̀gá Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó fẹ́ kí wọ́n dá orin ìsìn àti àdúrà dúró níbẹ̀, àmọ́ àwọn aláṣẹ kò gbà. Dípò kó máa ṣe ojú ayé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́dún 1956, òun àti Sheila, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó, dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn tó ń wá òmìnira lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1620 ló fi sọ ọ́.

Lójú Solarin, ẹni tó ń dúró de ọ̀run kó wá tún ayé òun ṣe ń fi àkókò ṣòfò ni. Oko ríro àti iṣẹ́ ọwọ́ ló fi kọ́ àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí kálukú ń súre fún ara wọn, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Times pé ìṣòro ni òun fẹ́ kó bá àwọn òǹkàwé òun, torí òun ló ń sọni di ènìyàn.

Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń kó ọmọ wọn lọ fún un. Wọn kò fẹ́ràn ohun tó ń sọ nípa Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wọ́n fọkàn tán ìwà rẹ̀. Ìjọba ológun tì í mọ́lé lọ́dún 1984 nítorí òtítọ́ tó ń sọ. Ọdún 1985 ló tó jáde.

Ó kú lọ́jọ́ 27, oṣù keje, ọdún 1994, inú ọgbà Mayflower ni wọ́n sì sin ín sí.

Àwọn àgbà ní ìwà lẹ̀sìn. Bí ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run bá lè ṣe òótọ́ dójú ikú, kí ni àwa tá à ń pe orúkọ Rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ fẹ́ wí?